Ìbọn Tó Sọ̀rọ̀ Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́

Òjé ń ṣàn. Ó ń dán bí ojú ẹja, ó ń wọ inú mọ́ọ̀dù irin lọ, Jẹ̀lílì sì ń rọra dà á.

Ó ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì díẹ̀ nítorí èéfín. Díẹ̀ náà ni, kí ará àdúgbò má baà rí i. Bí ọkọ̀ kan bá rọra kọjá, á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, á wò ó títí yóò fi lọ.

Òjé wẹ́wẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ táyà máa ń kàn mọ́ rímù ló ń yọ́. Bí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ọdẹ ti ń ṣe ní Ìsẹ́yìn nìyẹn, á yọ́ òjé, á fi rọ ọta ṣakabùlà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣakabùlà ló wà lórí tábìlì yìí. Ìbọn pélebé ni, irú èyí tó jẹ́ pé bí a bá ti yìn ín tán, á ti ọta tó kàn wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ Forestville ló rà á.

Táksí ni Jẹ̀lílì ń wà. Ní Forestville, nílẹ̀ òyìnbó níbí, ọkùnrin kan wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn, ó na ìbọn sí i ní ìpàkọ́. Jẹ̀lílì gbọ́ "pọ́", ohùn kékeré kan báyìí. Ó wo dígí. Ọkùnrin náà ń wo ìbọn ọwọ́ rẹ̀. Ó wò ó, ó wò ó, ó ṣílẹ̀kùn, ó sá lọ.

"Ohun tó dún yẹn, gíláàsì ọkọ̀ ló fi ìbọn gbá," ni Jẹ̀lílì ń sọ fún wọn ní mọ́ṣáláṣí. "Àánú mi ló ṣe é. Ọlọ́run ló fi sí i lọ́kàn." Ọ̀rọ̀ yìí ló fi ń rí oorun sùn.

Ó ń da ẹ̀tù sínú èèpo idẹ ọta lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí Sherifat, ìyàwó rẹ̀, yọjú pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn.

"Bàbá Wàhábù, ẹ wá gbé táksí yín kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ mi, mo ti pẹ́. Kí ló ń rùn báyìí?"

"Òjé ni."

"Ìkòkò yẹn ò gbọdọ̀ padà sí kíṣìnì mi o."

"Ta ló fẹ́ fi sebẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà kẹ̀! Ẹni tó fi abọ́ ìrẹsì mi gba ọ́ìlì mọ́tò."

Jẹ̀lílì rẹ́rìn-ín, ó jáde, ó gbé ọkọ̀ kúrò. Nígbà tó padà, ó wo àwọn idẹ tó tò sílẹ̀. Ibo lòun dé? Ó dà bíi pé... bẹ́ẹ̀ ni, ibí yìí ni. Ó dà á lọ, ó fi ọta dé gbogbo rẹ̀ lórí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ọládipúpọ̀, ló fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Aquasco, níbi tí ọ̀gá rẹ̀ ní oko sí. Wọ́n gbé agolo lé orí kùkùté.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ka ìwé tó bá ìbọn yẹn wá?"

"Ìwé wo?"

"Wọ́n ní ká má fi òjé lásán sínú irú ìbọn yín. Á máa lẹ̀ mọ́ ọ̀fun rẹ̀ tí ọta ń gbà jáde, á sì máa dí i."

"Òjé ni òjé, Ọládipúpọ̀. Ìbọn bàbá mi ò kàwé."

Gbà! Agolo fò. Gbà! Òmíràn fò. Inú Jẹ̀lílì dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Forestville. Lẹ́yìn náà ọta bẹ̀rẹ̀ sí í ya kiri, ọ̀kan wọ ilẹ̀, ọ̀kan gba inú igbó lọ.

"Ó ti ń dí," Ọládipúpọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́."

"Ó ku díẹ̀."

Ó tún fà á. "Pọ́."

Ìbọn ò ta. Kò ti ọta tó kàn wọlé.

"Ó há ni. Ẹ fa ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ tún yìn ín."

Jẹ̀lílì fa ẹ̀yìn rẹ̀. Ọta mìíràn wọlé. Ìka rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Àfi bí ẹni pé bàbá rẹ̀ dúró tì í: "Ìbọn tó bá bá ọ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, má dá a lóhùn. Gbé e sílẹ̀." Àwọn ọdẹ ilé wọn kì í fa irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó rọra gbé e sílẹ̀, ó yẹsẹ̀ kúrò nídìí rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, Ọládipúpọ̀ kó ọta inú rẹ̀ kúrò, ó tú u, ó ti ọ̀pá ìfọ̀bọn bọ ọ̀fun rẹ̀. Ọ̀pá ò kọjá.

"Ọta kan há síbí. Ẹ ò rọ ẹ̀tù sí ti ìkẹyìn yẹn, ẹ̀gbọ́n, iná ìdí rẹ̀ nìkan ló tì í débí. Ká ní ẹ tún yìn ín ni, ì bá bẹ́ mọ́ yín lójú."

Sherifat. Ọkọ̀ tó lọ gbé. Jẹ̀lílì mọ ibi tó ti ṣì í. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú kó jókòó sórí kùkùté.

"Pọ́." Ó ti gbọ́ ohùn yẹn rí.

"Kò gbá gíláàsì," ó wí.

"Ta ni?"

Jẹ̀lílì ń rí ojú ọkùnrin Forestville náà nínú dígí, bó ṣe ń wo ìbọn rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ọkọ̀ ò dáhùn. Kò sí àánú kankan lójú yẹn. Kò fìgbà kan sí níbẹ̀; ìbọn rẹ̀ ló kọ̀ fún un.

Ọládipúpọ̀ gbá ìdí ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀kan. Òjé náà yọ, ó bọ́ sínú koríko.

"Ẹ wò ó bó ṣe rọrùn," ó wí. "Ó ti dára padà."

Ti ọkùnrin yẹn náà á ti dára padà. Jẹ̀lílì wo ojú títì. Ọkọ̀ kan ń rọra bọ̀.