Orí Ẹja Ìkirè, Oúnjẹ Àpò Àpòmù

Ohunkóhun tí Muideen bá rà ní Gbọ̀ngán, Àpòmù ló ń kọ́kọ́ dé kó tó dé Ìkirè. Bí ọ̀nà ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Sàfúrátù kò gbà bẹ́ẹ̀. Oríta Gbọ̀ngán ni ọkọ rẹ̀ ti ń lẹ táyà. Fáìzàh, ìyàwó kékeré, ń gbé Àpòmù. Òun, ìyáálé, ń gbé Ìkirè. Bí Muideen bá ra ọsàn wálé, Sàfúrátù á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti ṣa èyí tó dáa nínú rẹ̀. Bó bá ra búrẹ́dì, á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ó lè ti gbóná dé Àpòmù kó tó tutù dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

Ká sòótọ́, Muideen ń gbìyànjú. Ọjọ́ méjì ló ń sùn níhìn-ín, ọjọ́ méjì lọ́hùn-ún, bí wọ́n ṣe ń wàásù rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí pé kí olóbìnrin méjì máa ṣe dọ́gbadọ́gba. Bó bá ra ìborí fún ọ̀kan, á ra fún èkejì. Nígbà tí eku fẹ́ sọ Sàfúrátù di aláìlọ́jà, ọmọ ológbò méjì ló gbé bọ̀, ọmọ ìyá kan náà, ó fún ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ eku kò yọ Fáìzàh lẹ́nu rárá. Sàfúrátù ló ń dín dòdò tà fún àwọn èrò ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá pípọ́n, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, ló ń lò, òórùn rẹ̀ sì ń pe eku láti ìgbèríko wá sílé. Ó sọ ológbò tirẹ̀ ní Ṣọ́lé. Fáìzàh sọ tirẹ̀ ní Bíútì. Ẹ̀yin náà ẹ wo orúkọ.

Iṣẹ́ ni Ṣọ́lé wá ṣe, ó sì ń ṣe é. Láràárọ̀ ni Sàfúrátù ń ra orí ẹja tútù, á bọ̀ ọ́ láìfi iyọ̀ tàbí ata sí i, á fọ́ ọ mọ́ èbà díẹ̀. Ara Ṣọ́lé ń dán, ojú rẹ̀ mú, eku tó bá sì ṣèèṣì ya ilé náà kì í padà lọ ròyìn.

Ṣùkúrátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń dín dòdò, ló gbé ọ̀rọ̀ dé láti Àpòmù.

"Ìyá Rilwan, ológbò orogún yín ń jẹ oúnjẹ inú àpò o. Wọ́n ya ológbò funfun kan sára àpò náà, tó ń rẹ́rìn-ín."

"Ológbò tó ń rẹ́rìn-ín?"

"Àbí kí ni kí n pè é. Bàbá Rilwan fúnra wọn ló ń bù ú sí abọ́ fún un."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló wọ Sàfúrátù lára. Ọkọ rẹ̀ kò tíì bu omi fún Ṣọ́lé rí láti ọjọ́ tó ti gbé e wọlé. Dòdò tó wà lórí iná jóná mọ́ ọn lọ́wọ́, owú náà sì ń jó o nínú. Kò sí orúkọ mìíràn tí a lè pè é. Òrìṣà, jẹ́ n pé méjì obìnrin, kò dénú.

Nígbà tó kan Ìkirè tí Muideen dé, Sàfúrátù jẹ́ kó jẹun tán, kó ṣanwọ́.

"Bàbá Rilwan, ṣé ọmọ ìyá kan náà kọ́ ni Ṣọ́lé àti Bíútì?"

"Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n."

"Kí ló wá dé tí ọ̀kan ń jẹ oúnjẹ òyìnbó, tí èkejì ń jẹ orí ẹja?"

"Ó nídìí, Ìyá Rilwan. Tó bá yá, n ó sọ fún ẹ."

"Tó bá yá."

"Orí ẹja tìẹ gan-an ló dáa jù. Ọwọ́ Akínbíyì tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Gbọ̀ngán ni mo ti ra tinú àpò yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló sì sọ fún mi pé èyí tápá mi ká yìí, àgbàdo ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Èyí tí ẹran àti ẹja pọ̀ nínú ẹ̀, owó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ra òbúkọ."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni Muideen sọ. Ṣùgbọ́n etí tí owú bá ti dí, òótọ́ kì í wọ̀ ọ́.

"Àgbàdo tó bá dáa fún Àpòmù, ó dáa fún Ìkirè," Sàfúrátù sọ.

Muideen rà á wá. Kí ni kó tún ṣe? Dọ́gbadọ́gba ni wọ́n ní kó máa ṣe.

Sàfúrátù yí àpò náà sẹ́yìn, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Àgbàdo ló ṣíwájú, sóyà tẹ̀ lé e, ẹja sì wà nísàlẹ̀ pátápátá bí ẹni tó pẹ́ dé ibi àsè. Ó rí i. Ó mọ̀ pé ológbò kì í ṣe adìyẹ. Síbẹ̀ ó yí iwájú àpò náà síta, ó gbé e sórí tábìlì dòdò níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá á ti rí ológbò tó ń rẹ́rìn-ín.

Ṣọ́lé gbóòórùn oúnjẹ náà, ó wo ojú Sàfúrátù, ó sì lọ jókòó ti ìkòkò tí wọ́n fi ń bọ orí ẹja. Sàfúrátù ní ebi á kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ebi kọ́ ọ lóòótọ́. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń mu omi ṣáá, ó ń sùn. Kò pẹ́ tí irun rẹ̀ kò dán mọ́, egungun ìhà rẹ̀ sì yọ. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan, Sàfúrátù ṣí àpò tó fi bo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó bá ojú eyín eku lára èyí tó pọ̀ nínú wọn. Ṣọ́lé wà lórí àga, òun náà kàn ń wò ó níran.

"Ẹ padà sí orí ẹja yín," Ṣùkúrátù gbà á nímọ̀ràn. "Ohun tí ò wọ́n tí ara ẹran ń fẹ́ nìyẹn."

"Ti Àpòmù ńkọ́? Ṣé òun náà ń rù ni?"

Ṣùkúrátù ń yí dòdò inú epo. "Ó sanra," ó sọ.

Ó tán. Sàfúrátù ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: àwòrán kan náà ló wà lára àpò méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú wọn kò lè dọ́gba. Ayédèrú ni Muideen gbé wá fún òun. Ó ki Ṣọ́lé sínú apẹ̀rẹ̀, ó ká àpò oúnjẹ náà mọ́ abẹ́ apá, ó gun ọ̀kadà, ó di Àpòmù. Ọjọ́ Fáìzàh sì ni. Ìyáálé kì í lọ ká ọkọ mọ́ ilé orogún lọ́jọ́ orogún, kò sí ẹni tó níláti kọ́ Sàfúrátù. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì lọ. Ohun tójú ń wá lojú ń rí.

Kò gba iwájú ilé wọlé. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà, ibẹ̀ ló sì ti bá Muideen, ó lóṣòó ti sítóòfù lábẹ́ igi kòkó kan tó jìnnà sílé, ó ń bọ orí ẹja. Kò síyọ̀, kò sáta. Ó gbé e kalẹ̀, ó ń fọwọ́ yọ egungun rẹ̀, ó wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan oúnjẹ àpò lé e, ó pò ó pọ̀. Bíútì ń fara nù ún lẹ́sẹ̀. Sàfúrátù dúró bí òpó. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, Muideen kò dáná rí ní Ìkirè. Kódà nígbà tí òun bí Rilwan, ìyá òun ló wá ń se omi.

"Bàbá Rilwan, ẹ̀yin lẹ ń dáná?"

Muideen fò dìde. Fáìzàh gbọ́ ohùn, ó yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìborí bo imú, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ láìsún mọ́ wọn.

"Ẹ káàbọ̀, ìyáálé mi. Ẹ má bínú, mi ò lè débẹ̀ ni. Tí òórùn ẹja bá ti ta sí mi nímú, èébì ni. Ìdí tí wọ́n fi ra tinú àpò nìyẹn. Nígbà tí Bíútì wá ń rù, wọ́n ní àfi káwọn máa sè é bí ẹ ṣe ń sè é."

Sàfúrátù wo bó ṣe ró ìró rẹ̀ sókè.

"Mo ní tó bá yá," Muideen ń sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Oyún kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tètè kéde."

Rilwan nìkan ni Sàfúrátù bí. Ó ti dàgbà, Ìbàdàn ló ń gbé, Ọlọ́run kò sì fi òmíràn tẹ̀ lé e. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn pé wọ́n ń fi ọgbọ́n òun bọ́ ológbò ní Àpòmù, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn ún ju èyí tó dùn mọ́ ọn lọ. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ Ṣọ́lé kalẹ̀, ó wo Bíútì tó sanra, ó wo ọkọ rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún ẹja.

"Gbé Bíútì fún mi, Fáìzàh," ó sọ. "Kò yẹ kí aboyún máa bá òórùn ẹja fà á. N ó bá ẹ tọ́jú ẹ̀ títí wàá fi bímọ láyọ̀."

Omijé bọ́ lójú Fáìzàh, ó ń dúpẹ́. Muideen ń wúre lórí ìdúró. Ẹni bá ní àánú Fáìzàh ló ṣe Sàfúrátù, kò parọ́. Ẹni bá sì ní ó mọ̀ pé níbi tí kò bá ti sí ológbò, ọkọ òun kò ní í dáná mọ́, òun náà kò parọ́. Inú kan náà ni méjèèjì ń gbé, wọn kò sì bára wọn jà.

Báyìí, orí ẹja ti padà sórí iná ní Ìkirè, oúnjẹ àpò sì di ohun tí wọ́n fi ń bù kún un kó lè tó jẹ. Irun Ṣọ́lé ti ń dán, àwọn eku ti kó ẹrù wọn. Muideen ń yin ìyáálé rẹ̀ káàkiri títì pé obìnrin tó mọ dọ́gbadọ́gba nìyẹn.

Abọ́ méjì tó jọra ni Sàfúrátù ń lò. Láàárọ̀ àná, ó bu èbà dọ́gba, ó bu oúnjẹ àpò dọ́gba. Ó ku orí ẹja méjì nínú ìkòkò, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré. Ọwọ́ rẹ̀ mú èyí tó tóbi, kò tilẹ̀ rò ó, ó gbé e sínú abọ́ Ṣọ́lé. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kankan rí òun.