Kò Gbàṣẹ Lọ́wọ́ Ẹnikẹ́ni

Ọmọbìnrin atẹ̀wé náà paná ẹ̀rọ lójijì. Ìwé ìtàn ayé ìyá àgbà rẹ̀ jáde dé ìdajì, ìdajì há sínú.

"Ẹ má bínú, bàbá. Mi ò ní tẹ̀ ẹ́ báyìí."

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló dúró tì í, àkọ́bí ìyá àgbà tó di olóògbé náà, ẹni tí gbogbo ilé ń wárí fún. Òun ló fi ìlà kan kún ìwé náà láàárọ̀: "Ó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin lókè òkun pẹ̀lú àṣẹ ọkọ rẹ̀."

"Ìlà kan ṣoṣo," ni ọkùnrin náà wí. "Ọ̀la la máa sin ín. Ṣé kí èrò máa sọ pé ìyá wa sá nílé ọkọ ni?"

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni ìyá àgbà lò láyé. Ojú rẹ̀ ṣú, etí rẹ̀ di, ẹnu rẹ̀ ò kú. Bí ọmọbìnrin yìí bá ń gé èékánná rẹ̀, ìyá àgbà á máa sọ ọ́ pé ọkọ òun ní òun ò gbọdọ̀ lọ, òun gbé àpótí òun lọ́sàn-án gangan, òun kúnlẹ̀ kí i níbi tó jókòó sí, òun sì jáde. Nígbà tó padà dé tó di agbẹjọ́rò, adájọ́ tó kọ́kọ́ ro ẹjọ́ níwájú rẹ̀ bi í pé ọkọ rẹ̀ ńkọ́. Ó ní, "Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú fáìlì yìí, olúwa mi."

"Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ sọ di ẹni tó gbàṣẹ," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ẹ gbé e lọ síbòmíràn. Kò ní tọwọ́ mi jáde."

Ọkùnrin náà rọra jókòó sórí páálí bébà.

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà. Mo di àpótí yẹn mú títí dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi ń ṣí ìka mi kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Tó bá jẹ́ pé wọ́n rán an lọ ni, á jẹ́ pé kì í ṣe òun ló fẹ́ fi mí sílẹ̀."

Ọmọbìnrin náà jókòó tì í.

"Àṣẹ kò ní wọ ibẹ̀, bàbá. Ṣùgbọ́n mo lè kọ ọ́ pé ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà."

Ọkùnrin náà na bíròó sí i.

"Kọ ọ́. Má sì kọ ọ́ pé mo dákẹ́. Mo ké."

Ọmọbìnrin náà gba bíròó. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé, nínú gbogbo bí ìyá àgbà ti ń sọ ìtàn náà, kò mẹ́nu ba ọmọ kankan rí.