Ohùn Miriam Nínú Aago

Áàpù aago tó ń sọ̀rọ̀ ni Miriam Ọláníyan àti àwọn méjì tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kọ̀ǹpútà fẹ́ fi parí ẹ̀kọ́ wọn. Èèyàn á fọwọ́ kan fóònù, fóònù á sì sọ ohun tí aago wí lédè tó bá fẹ́. Godswill ka ti Ìgbò. Múdàṣírù, tó dàgbà sí Kánò, ka ti Haúsá. Yorùbá kan Miriam.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbà sílẹ̀, Godswill wá fi kọ̀ǹpútà tò wọ́n pọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé iwájú olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé, fóònù ní, "Aago... mẹ́ta... ku... ìṣẹ́jú... mẹ́wàá," bí ẹni tí òsúkè ń dà láàmú. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí nílé yín?" ni olùkọ́ bi Miriam. "Ẹ lọ tún un ṣe."

Ojú tì í. Bí wọ́n ṣe jáde, ó sọ fún Godswill pé, "Màá ka gbogbo ẹ̀ lódidi, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan."

"Gbólóhùn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé ogún! Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Ó pé, jàre."

Ariwo jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kó ṣeé ṣe nílé wọn n'Íṣẹ̀rí-Olófin. Ó bẹ Màmá Adébùnmí, ìyá ìjọ wọn, pé kó yá òun ní yàrá kékeré tí àwọn akọrin ń kó aṣọ funfun wọn sí. Màmá ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì jókòó tì í.

Miriam bẹ̀rẹ̀: "Aago méje kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú."

"Rárá o," ni Màmá wí. "Aago méje ààbọ̀ ni. Má kà á bí ìwé, ọmọ mi. Èmi ni kó o dá lóhùn. Kí laago wí?"

"Aago méje ààbọ̀, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣùgbọ́n yọ 'mà' yẹn kúrò."

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ń béèrè, tí Miriam ń dáhùn, fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, títí ohùn àwọn méjèèjì fi há. Nígbà tí Godswill àti Múdàṣírù gbọ́ ọ, àwọn náà lọ tún tiwọn kà.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ kan fóònù.

"Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá."

"Ẹ ṣeun o!" ni obìnrin tó ń gbálẹ̀ lóde dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Mo rò pé ó ti lọ jù bẹ́ẹ̀."

Olùkọ́ wo ẹnu ọ̀nà, ó wo fóònù, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

"Ohùn ta nìyí?"

Miriam dìde. Orí rẹ̀ ń wú. "Ohùn mi ni, sà. Ìyá ìjọ wa ló kọ́ mi bí mo ṣe máa sọ ọ́."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Godswill fi áàpù náà ránṣẹ́ sí i. Orúkọ mẹ́rin ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀, ti Màmá Adébùnmí ló sì wà lókè.