Ẹ̀kọ́ Eegun Di Ọdún Kan

Olùkọ́ kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Ìyá Eegun, torí òun ló ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di dókítà ní gbogbo eegun àti iṣan ara. Ọdún méjì gbáko ni ẹ̀kọ́ náà ń gbà. Ìyá ti fẹ̀yìn tì nígbà tí yunifásítì ní kí ọkùnrin kan tí ìyá ti kọ́ rí wá tún ìlànà ẹ̀kọ́ wọn tò.

Ọkùnrin yìí rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í fojú kan aláìsàn títí di ọdún kẹta. Wọ́n á mọ̀wé bí ẹni máa kú, wọ́n á wá dúró bí òpó níwájú ẹni tó ń jẹ̀rora. Òun àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ bá sọ ẹ̀kọ́ eegun di ọdún kan, kí ọmọ tètè máa dé wọ́ọ̀dù.

Kò fẹ́ kí ìyá gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta, ló bá lọ sílé rẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó ń fọwọ́ nu tábìlì tí kò léruku.

"Ṣé inú ń bí yín ni, mà?"

"Ó ń bí mi. Àmọ́ ṣé ìbínú mi lẹ fẹ́ fi wo aláìsàn ni? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò tuntun yín dáa, ẹ wá pè mí."

Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n pè é. Ó jókòó sígun wọ́ọ̀dù, ó ń wo akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń yẹ ọwọ́ bàbá kan tó jẹ́ bíríkìlà wò. Ọmọ náà fi sùúrù bá bàbá náà sọ̀rọ̀ títí ara fi tù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí tí ìka bàbá náà méjì fi kú tipiri, ó wòkè, ó wolẹ̀. Bákan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù.

Ọkùnrin náà ti ń retí "mo ti wí bẹ́ẹ̀". Ohun tí ìyá sọ níwájú ìgbìmọ̀ náà yàtọ̀.

"Wọ́n mọ bí a ti ń gbọ́ tẹnu aláìsàn ju àwọn tí mo kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n àánú nìkan ò lè wo ọwọ́ sàn."

Ó dun ọkùnrin náà, àmọ́ ó gbà pé òun ti gé e jù. Wọ́n dá oṣù mẹ́rin padà fún ẹ̀kọ́ eegun, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ni wọ́n sì ti máa kọ́ ọ. Ìyá gbà láti máa wá láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò tíì dúró dáadáa tó ti fa ọwọ́ ìyá àgbà kan tó ń ṣàìsàn, tó ń ka iṣan. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yẹn sún mọ́ ọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ò tíì kí wọn."

Ìyá Eegun rọra gbé ọwọ́ aláìsàn náà kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i.