Oorun Ẹnu Ọ̀nà Kejìlélógún

Ilé ìkẹ́rùsí náà tóbi débi pé kùrukùru á ṣì bo apá kan rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ti ń ràn ní apá kejì. Kò ní fèrèsé kankan. Ẹnu ọ̀nà ló ní, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, nọ́ńbà wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ sì ni àwọn tírélà ń fẹ̀yìn tì láti gba ọjà tí àwọn èèyàn rà lórí fóònù. Ẹnì kan á dùbúlẹ̀ sórí àga rẹ̀, á fi àtàǹpàkò ra ìgò ìpara kan ṣoṣo, odidi tírélà á sì gbéra. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ayé ti di ayé ọ̀lẹ.

Nínú àwọn awakọ̀ tó ń kó ẹrù láti ibẹ̀ lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kejì, ìrìn wákàtí méjì, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Oorun. Orúkọ náà ò ṣàdédé jẹ́. Ẹnu ọ̀nà kejìlélógún ni bàbá fẹ́ràn jù, torí ilẹ̀ ibẹ̀ ga díẹ̀. Bó bá ti fẹ̀yìn ọkọ̀ tì í, tó fún àwọn òṣìṣẹ́ ní kọ́kọ́rọ́, tí iná pupa sì tàn pé kó má mira, bàbá á gbé fìlà bojú. Àwọn ọkọ̀ kékeré tó ń fi irin méjì gbẹ́rù á máa wọ ẹ̀yìn tírélà, wọ́n á máa jáde, gbogbo ọkọ̀ á sì máa rọra mì, á lọ, á bọ̀, bí ìyá tó pọn ọmọ tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ká tó wí, ká tó fọ̀, bàbá ti ń hanrun.

"Ẹ rọra o," àwọn òṣìṣẹ́ á wí, "Bàbá Oorun ti lọ."

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé oorun kan ṣoṣo tó ń sùn nìyẹn. Wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ti bàbá yìí yàtọ̀, oko ló ti ń sinmi. Láti oṣù méje tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sùn nílé rí. Obìnrin náà kì í sùn jẹ́ẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Á yí síbí, á yí sọ́hùn-ún, á fa aṣọ, á ta ọkọ rẹ̀ nípàá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá fi ráhùn: "Ṣé ìjà lò ń jà lójú oorun ni?" Ní báyìí, bẹ́ẹ̀dì dúró gbagidi, bàbá á sì la ojú sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. A kì í mọ iyì ohun tá a ní, àfi tó bá bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá tó ń pín iṣẹ́, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ọ̀rọ̀ máa ń yára lẹ́nu rẹ̀, pe gbogbo awakọ̀ jọ.

"Ìròyìn ayọ̀ o! Kò sí dídúró de ẹrù mọ́. A ó ti máa kó o sẹ́yìn ọkọ̀ sílẹ̀ dè yín. Ẹ kàn máa so orí ọkọ̀ yín mọ́ ọn, ẹ máa lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré!"

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Bàbá náà pàtẹ́wọ́. Kí ni kó sọ? Àgbàlagbà tó bá sọ pé òun ò lè sùn àfi tí wọ́n bá mi òun ti sọ ara rẹ̀ di ẹni ẹ̀rín. Bó bá sì sọ ọ́, wọ́n á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé tó dákẹ́ yẹn nìkan ló máa kù fún un.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tó bí, a máa pè é nírọ̀lẹ́. "Bàámi, ṣé ẹ ń sùn?"

"Oorun àsùnwọra ni mò ń sùn." Irọ́ gbuu.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí ètò tuntun náà bẹ̀rẹ̀, kùrukùru bo títì láàárọ̀. Bàbá so orí ọkọ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ó yẹ èdìdì ilẹ̀kùn wò, ó sì gbéra ní aago méje. Ọ̀nà funfun, ó rọ̀ lójú rẹ̀ bí òwú. Nígbà tó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀ tó ń ká aṣọ lé itan. Kò bà á lẹ́rù rárá. Ó ròyìn iṣẹ́ fún un, ó ròyìn ọmọ wọn, obìnrin náà ń mi orí.

"Yà síbí," ó wí, ó nawọ́.

Bàbá yà. Igi ń kọjá, afárá kan kọjá, oríta róbótó kan wá, ó yí i ká jẹ́jẹ́. Ó dùn mọ́ ọn dọ́kàn. Ó wù ú kó má dé ibi tó ń lọ.

Ó dé géètì. Ẹ̀ṣọ́ gba ìwé rẹ̀, ó wò ó, ó wo ojú bàbá.

"Bàbá, kí lẹ gbàgbé?"

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Ẹrù ni mo gbé dé."

"Ẹ gbé e dé ibo? Ibí náà lẹ ti gbé e láàárọ̀! Èmi ni mo ṣí géètì fún yín."

Bákan náà ni wọ́n kọ́ ilé ìkẹ́rùsí méjèèjì, ọ̀dà kan náà, géètì kan náà. Bàbá wo aago: mọ́kànlá ti kọjá. Wákàtí mẹ́rin! Ibi tó gbà, kò mọ̀. Ọmọ iléèwé tó sọdá níwájú rẹ̀, bó bá wà, kò rí i.

Ẹ̀rín kú lójú ẹ̀ṣọ́. "Ẹ yí padà, bàbá," ó wí jẹ́jẹ́. "Mi ò rí yín. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bàbá pa ẹ́ńjìnnì. Ó rìn lọ bá ọ̀gá tó ń pín iṣẹ́, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì.

"Mi ò sùn, ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyí. Mo lè ti pa èèyàn láàárọ̀ yìí, mi ò sì ní mọ̀. Ẹ gba ọkọ̀ yín."

Ọ̀dọ́kùnrin náà fa àga fún un pé kó jókòó. Bàbá pe ọmọ rẹ̀. "Irọ́ ni mo ń pa fún ẹ. Mi ò lè sùn sílé tí ìyá ẹ ò sí. Wá gbé mi."

Ọmọ náà dé nínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀. Ojo ni nídìí ọkọ̀; láti ilé dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń wà á, bí ẹni tó ru ẹyin. Bàbá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó la ẹnu láti sọ fún un pé kó yí jíà.

Nígbà tó máa lajú, oòrùn ti sọ̀ kalẹ̀ sápá kejì. Pápá gbalasa ló wà lọ́tùn-ún, òkè lósì, ọ̀nà tí kò gbà rí. Ọmọ rẹ̀ di ìdarí ọkọ̀ mú gírígírí, ojú rẹ̀ pọ́n, epo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ọkọ̀.

"Níbo la wà?"

"Mi ò mọ̀, bàámi. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti dé ẹnu ọ̀nà ilé yín. Bí mo bá ti fẹ́ dúró, ẹ ó fẹ́ jí, ni mo bá ń wà á lọ."

Bàbá bú sẹ́kún. Kò sunkún níbi ìsìnkú, ó sun ún níbẹ̀.

"Àárò ìyá ẹ ń sọ mí."

"Ó ń sọ èmi náà," ọmọ rẹ̀ wí. Ó yà sílé epo, ó ní kí wọ́n rọ ọ́ kún.