Ajá Tó Ń Bá Bàbá Jẹun

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó wà lóòró, kó wá nǹkan fìdí lé. Ẹni tó bá ń kánjú, kó máa lọ, torí ìtàn tí mo gbé wá fún yín yìí kì í sáré. Ìtàn ajá méjì ni. Ọ̀kan ti kú kí àwọn baba ńlá wa tó dáyé. Èkejì wà láàyè, ó sanra bí ìrọ̀rí. Wọn ò mọ ara wọn rí, àmọ́ èyí tó ti kú ló tú àṣírí èyí tó ń mí.

Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé eegun ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe eegun èèyàn. Eegun ewúrẹ́, eegun ẹja, eegun ẹyẹ, èyí tí àwọn ará àtijọ́ jẹ ẹran ara rẹ̀ tán tí wọ́n sì dà nù, òun ni wọ́n ń wú nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń kó wá bá a. Yóò fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀, yóò tò ó sórí tábìlì gígùn lábẹ́ iná, yóò wá máa wò ó bí ìyàwó tuntun ṣe ń wo dígí. Ibẹ̀ ni yóò ti sọ pé, “Àwọn wọ̀nyí jẹ ẹja ju ẹran lọ,” tàbí, “Ọdún yìí le fún wọn, ewúrẹ́ tó ṣì ń mu ọmú ni wọ́n ń pa jẹ.” Eléegun ni gbogbo èèyàn ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ.

Ní àkókò tí mò ń wí yìí, ilé àtijọ́ kan ni òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń yẹ̀ wò. Ibojì àwọn tó gbé ibẹ̀ wà nítòsí, ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Wọ́n gbà, ó sì yẹ kí wọ́n gbà. Báwo ni wọ́n ṣe wá fẹ́ mọ ohun tó wọ ikùn àwọn onílé? Nínú kòtò tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí lẹ́yìn ibi ìdáná, wọ́n bá eegun ajá kan, ó pé látorí dé ìrù.

Ọ̀gá Eléegun, ọkùnrin kan tí jígí ojú rẹ̀ kì í kúrò níwájú orí, rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ajá kì í dáná,” ó wí. “Ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn ló ń jẹ. Tí a bá ti mọ ohun tí ajá jẹ, a mọ ohun tí ẹni tó ni ín jẹ.”

Wọ́n gé bín-ín-tín lára eegun náà, wọ́n fi ránṣẹ́ síbi tí ẹ̀rọ tó lè yẹ̀ ẹ́ wò wà, torí ohun tí ẹ̀dá bá ń jẹ a máa fi àmì sílẹ̀ sínú eegun rẹ̀. Èsì dé. Ajá yẹn jẹ ẹja, ó jẹ ẹran, ó jẹ àjẹyó. “Ilé ọlọ́rọ̀ nìyẹn!” ni ọ̀gá wí.

Ohun kan ló ń kọ Eléegun lóminú. Nísàlẹ̀ kòtò náà, níbi tí ìdọ̀tí ti pẹ́ jù, gbogbo orí eegun ìhà ewúrẹ́ ló ti rún, eyín èèyàn ló sì rún un. Ẹni tó jẹ ẹ́ ò ṣojú àánú. Àmọ́ lókè kòtò, níbi tí ajá wà, odidi ni eegun ìhà. Ihò eyín ajá nìkan ló wà lára rẹ̀.

“Ọrọ̀ ló dé bá wọn,” ọ̀gá wí. “Ta ló tún ń rún eegun nígbà tí ẹran bá pọ̀?”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà.” Bẹ́ẹ̀ ni Eléegun sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi kòtò sílẹ̀ ná, ká wọlé. Bàbá Eléegun, káfíńtà ni wọ́n. Ìyàwó wọn ti ṣaláìsí, àwọn nìkan ló ń gbé ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kan òrùlé rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wọn sì wà nínú ọgbà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ra ajá, àwọn aládùúgbò ní kí ni arúgbó fẹ́ fi ajá ṣe. Bàbá ò jà, wọ́n kàn sọ ajá náà ní Kòkànọ́. Tí àlejò bá wọlé tí ajá bá gbó, Bàbá á ké láti inú ṣọ́ọ̀bù pé, “Kòkànọ́!” Àlejò á dúró gbagidi, kò ní mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń bá wí.

Eléegun ló ń se oúnjẹ fún wọn. Láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, á gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Lálẹ́, á yà gba abọ́. Abọ́ a máa mọ́ tónítóní. Síbẹ̀, Bàbá ń rù. Ṣòkòtò wọn ti di ti ẹni ẹlẹ́ni lára wọn, okùn ni wọ́n fi ń dè é mọ́dìí.

Ẹ̀gbọ́n Eléegun lọ́kùnrin, mẹ́káníìkì tó ń gbé ìlú mìíràn, wá kí Bàbá lọ́jọ́ Àìkú kan, ó sì figbe ta.

“Àbúrò, kí lò ń fún Bàbá jẹ? Atẹ́gùn?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo abọ́ àná. Ṣé ẹ rí nǹkan tó ṣẹ́kù síbẹ̀?”

“Mi ò bi ọ́ ní abọ́. Bàbá ni mò ń wò. Eegun òkú lò ń tọ́jú, o wá fi ti alààyè sílẹ̀!”

Ọ̀rọ̀ yẹn dun obìnrin náà wọra. Bàbá gbé ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó fẹ́ yán, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, mò ń jẹun, oúnjẹ sì ń dùn. Àgbà ló ń dé. Ṣé pákó tó bá pẹ́ nínú oòrùn kì í gbẹ ni?”

“Ẹ kì í ṣe pákó, Bàbá,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Eyín àtọwọ́dá tí mo ní kí wọ́n ṣe fún yín ńkọ́? Ṣé ó dára?”

“Ó wà níbi tó yẹ kó wà.”

“Ó dáa. Tó bá di Sátidé tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ ohun tó ń ṣe yín, màá wá gbé yín lọ sọ́dọ̀ mi. Yàrá wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.”

Bàbá wo ayùn tó wà lára ògiri, wọ́n sì wo Kòkànọ́. Lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò sáyè fún ayùn, kò sáyè fún ajá. Eléegun mọ̀ pé bí wọ́n bá fa Bàbá tu kúrò nílé yẹn, ìbànújẹ́ ni yóò parí ohun tí rírù bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ sọ? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó yà gba abọ́ bó ṣe máa ń ṣe. Bàbá ń tòògbé lórí àga. Kòkànọ́ wá fara ti ẹsẹ̀ Eléegun, obìnrin náà sì fọwọ́ pa á lára. Ọwọ́ tó ti mọ eegun bí ẹni mọ owó yẹn wá ìhà ajá títí, kò rí i. Ọ̀rá ló bá pàdé. Ó yíjú sí ọrùn ọwọ́ Bàbá tó wà lórí apá àga: gbogbo eegun ibẹ̀ ló lè pè lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan láì fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ sọ sí i lọ́kàn. *Tí a bá ti mọ ohun tí ajá jẹ.*

Ó tẹ̀ lé Kòkànọ́ lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ajá náà gbẹ́ ihò sí lábẹ́ òkìtì pákó. Ó yọ búrọ́ọ̀ṣì láti inú báàgì rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń wú u díẹ̀díẹ̀. Eegun inú ìkòkò òun fúnra rẹ̀ ni! Àwọn tó wà lókè, odidi ìhà ni, ihò eyín ajá nìkan ló wà lára wọn. Àwọn tó wà nísàlẹ̀, tó ti pẹ́, orí wọn ti rún wómúwómú.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, eegun kì í kọjá lẹ́nu Bàbá kó tún jẹ́ eegun mọ́. Wọ́n á rún un, wọ́n á fa mùdùnmúdùn rẹ̀ mu, débi pé àwọn ajá àdúgbò kì í yà sílé wọn. Kí ló wá dé tí eegun fi ń jáde ní odidi?

Ó mú ìhà kan dání, ó lọ jókòó sẹ́bàá àga Bàbá. Bàbá la ojú.

“Ìyá mi, èwo ni ti eegun nílé mi? Ṣé tibi iṣẹ́ ò tó ọ ni?”

“Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ajá kan fún yín.”

Ó sọ ti ajá inú kòtò fún wọn, látòkè délẹ̀. Nígbà tó parí, Bàbá tún gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín ló wá bú jáde.

“Ajá burúkú! Mo sọ ọ́ ní Kòkànọ́, òun ló tún lọ rojọ́ mi!”

“Kò rojọ́, sà. Ó kàn sanra ni.”

Bàbá dìde, wọ́n lọ sínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fa dúrọ́ọ̀ tí ìṣó wà, wọ́n gbé aṣọ kan jáde. Eyín àtọwọ́dá wà nínú rẹ̀, ó ti tín-ín-rín bí èékánná.

“Ó ń gún mi lérìgì. Mo ní, èmi tí mo ti ṣe ilẹ̀kùn tí kò há rí, ṣé èyí ni yóò pá mi láyà? Mo fi fáìlì tí mo fi ń pọ́n ayùn yún apá ọ̀tún díẹ̀. Ó wọ́. Mo yún apá òsì kó lè dọ́gba. Ọ̀tún tún ga jù…”

“Bí ẹni ń gé ẹsẹ̀ tábìlì.”

“Bí ẹni ń gé ẹsẹ̀ tábìlì gẹ́lẹ́! Mo tiẹ̀ tún fi sáńpépà dán an.”

“Bàbá mi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?”

“Kí n ní kí ni? Kí káfíńtà sọ pé òun ba eyín ara òun jẹ́? Ìwọ náà, ìdájí lò ń jí se oúnjẹ yẹn. Bí mo bá dá a padà, o máa rò pé kò dùn.” Wọ́n gbójú sílẹ̀. “Ó dùn. Kòkànọ́ lè jẹ́rìí.”

Ẹ̀rín àti omijé dé bá Eléegun pọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó yọ eegun ẹja kúrò, ó lọ ẹran kúnná, ó rẹ búrẹ́dì sínú ọbẹ̀ gbígbóná títí ó fi rọ̀. Bàbá jẹ títí wọ́n fi làágùn. Kòkànọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ lójú.

“Má wò mí,” Bàbá sọ fún un. “Àjẹìwẹ̀yìn ni mo jẹ lónìí.”

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú ọkọ̀. Bàbá fúnra wọn ló gbé eyín náà lé e lọ́wọ́.

“Ha! Bàbá, ta ló ṣe báyìí?”

“Káfíńtà kan báyìí ni.”

Ọkùnrin náà wo eyín, ó wo Bàbá, ẹ̀rín pa á mọ́ ara ọkọ̀. “Ẹ̀ bá tiẹ̀ gbé e wá bá mi, mo lè jó irin mọ́ ọn.”

“Kó o wá fi iná jó mi lẹ́nu! Máa wa ọkọ̀ lọ.”

Ọkọ̀ náà gbéra, àmọ́ kò forí lé ọ̀nà pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín ni. Kí ẹ̀gbọ́n tó wọ ọkọ̀ ló ti yíjú sí àbúrò rẹ̀. “Àbúrò, mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ sí ọ lọ́jọ́ yẹn. Eegun òkú yẹn wúlò o.”

Nígbà tí Eléegun padà síbi iṣẹ́, ó dúró níwájú tábìlì rẹ̀ pẹ́. “Ọ̀gá,” ó wí, “ajá máa ń sọ ohun tó wọ inú ilé. Kì í sọ bóyá èèyàn ló gbé e mì.”

Ọ̀gá rẹ̀ gbé jígí ojú kúrò níwájú orí. “Àlàyé?”

Ó ṣàlàyé fún un. Ó lè jẹ́ pé ọrọ̀ dé bá ilé yẹn lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé arúgbó kan wà níbẹ̀ tí eyín rẹ̀ ti ká, tí kò fẹ́ kí ẹni tó se oúnjẹ bínú. Ọ̀gá ronú sí i, ó mi orí. “Eegun ò lè yan ọ̀kan fún wa. Kọ méjèèjì.” Ó kọ méjèèjì.

Bàbá ṣì wà nílé wọn títí dòní, eyín tuntun wà lẹ́nu wọn, fáìlì sì wà nílé ọmọ wọn obìnrin, bí wọ́n tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kò ní dá a padà. Ti Kòkànọ́ ló ṣeni láàánú: ìhà rẹ̀ ti ṣeé kà.

Mẹ́káníìkì yẹn gan-an ló sọ ọ́ fún mi. Ó wà lábẹ́ ọkọ̀ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó rí nọ́ọ̀tì dè. Bí mo ṣe gbà á lẹ́nu rẹ̀ ni mo ṣe gbé e sílẹ̀ fún yín yìí.