Àpò Ọkà Lórí Òṣùwọ̀n

"Ìyá, ẹ tún fún àwọn ọmọ lómi mu," ni Sàní wí, ojú rẹ̀ ń lọ sọ́nà. "Kí ikùn wọn kún kí òyìnbó tó dé."

Ràúdátù kò fọwọ́ kan igbá omi. Òun ló ń se ọkà bàbà tí ìjọba ń fi ránṣẹ́ láti Ìlọrin fún ogún ọmọ ilé-ìwé Òkè-Oyì. Lóṣooṣù ni òyìnbó ìjọba máa ń fi aṣọ gbé wọn kọ́ sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn òwú, tó so mọ́ igi odán, kó lè mọ̀ bóyá oúnjẹ náà ń ṣe ara wọn lóore. Oṣù mẹ́ta rèé, ńṣe ni wọ́n ń fúyẹ́ sí i. Eegun ìhà Àbdùlgàfárù, tó kéré jù nínú wọn, ṣeé kà láti ọ̀ọ́kán. Inú ń bí Ràúdátù.

"Tí wọn ò bá wúwo, òyìnbó á ní oúnjẹ ò wúlò, á dá a dúró. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn?" ni Sàní tún wí.

"Sàní, ta ló ń kó ọkà sí yàrá? Ta ló ń tilẹ̀kùn?"

"Èmi ni. Èmi náà sì ni ògbufọ̀. Ẹ lọ fẹjọ́ sùn, ká wo ohun tí òyìnbó máa gbọ́!" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Òótọ́ ló sọ. Ẹnu Sàní ni òyìnbó fi ń sọ̀rọ̀, etí Sàní ló sì fi ń gbọ́. Àmọ́ ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

"Wàlláhì, omi ìrẹ́jẹ ò ní wọ ọ̀fun ọmọ kankan láàárọ̀ yìí," ni Ràúdátù wí. "Hàráàmù lo jẹ."

Nígbà tí òyìnbó dé, tó pe ọmọ àkọ́kọ́, yàrá oúnjẹ tí Sàní ti ṣí fún ọkà tí wọ́n máa sè ni Ràúdátù gbà lọ. Sàní fẹ́ dí i lọ́nà, Ràúdátù fi èjìká gbún un kúrò. Ó gbé àpò ọkà tó dé lánàá jáde, òun nìkan, àpò tí ọkùnrin méjì ń mí hẹlẹhẹlẹ gbé tẹ́lẹ̀. Ó fi í kọ́ òṣùwọ̀n, ó sì nàka sí nọ́ńbà ìwúwo tí òyìnbó fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀dà kọ sára àpò náà ní Ìlọrin.

Sàní sáré bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀.

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan," ni Ràúdátù wí.

Ọwọ́ òṣùwọ̀n dúró, kò dé ìdajì nọ́ńbà náà. Òyìnbó wo nọ́ńbà, ó wo òṣùwọ̀n, ó wá na ọwọ́ sí Sàní fún kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ.

Ràúdátù da omi inú igbá sínú ìkòkò ọkà, ó sì koná sídìí rẹ̀.